Ìbéèrè àti ìdáhùn: kíkọ́ ìlù gángan lẹ́yìn téèyàn ti dàgbà

Àwọn tó ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ wọn ló ti níṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ti bímọ, wọ́n ti ń gbọ́ gángan níbi ìnáwó látìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé tó sì ń wù wọ́n, kó tó di pé wọ́n wá sọ lọ́jọ́ kan pé àfi káwọn náà gbé e kọ́ èjìká. Mo ti kó àwọn ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. Àwọn ìdáhùn kan gùn, àwọn kan ò gùn, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí ni mo ṣe sọ ọ́.

Mo ti lé lógójì ọdún, ṣé kò tíì pẹ́ jù báyìí?

Kò pẹ́ rárá. Ohun tọ́mọdé fi jù yín lọ ni ọwọ́ tó rọ̀ àti àsìkò. Ọmọ tí wọ́n bí sílé onílù ti máa ń tẹ̀lé bàbá ẹ̀ lọ òde àríyá látìgbà tó ti kéré, omele, ìlù kékeré tó ń gbè, ló máa kọ́kọ́ gbé, kó tó pé ọmọ ogún ọdún ìlù ti di ara ẹ̀, ẹ ò lè rí irú ọdún bẹ́ẹ̀ rà padà, ẹ má tan ara yín. Àmọ́ ohun kan wà lọ́wọ́ yín tọ́mọdé ò ní. Ẹ gbọ́ Yorùbá. Ẹ mọ òwe, ẹ mọ oríkì ìdílé yín tàbí kẹ́ ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ lè bi, ẹ mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ṣòkú ìyá ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọ̀rọ̀ ni ìlù yìí ń sọ, ẹni tí ò ní ọ̀rọ̀ nínú, ọwọ́ ẹ̀ ì báà yá bí iná, kí ló máa rí sọ? Ìdí tí mo fi máa ń sọ fáwọn àgbàlagbà pé ìdajì ẹ̀kọ́ náà ti wà nílẹ̀ nìyẹn, ọwọ́ ló kù.

Ẹ wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba, tí wọ́n bí lọ́dún 1935. Dùùrù òyìnbó ló fi bẹ̀rẹ̀, ó kọ́ ọ dé London, síbẹ̀ ó padà wá jókòó ti àwọn onídùndún láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìlù wọn, orí orin dùndún náà ló sì ti gba oyè dókítà ní yunifásítì Legon ní Gánà lọ́dún 1974. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí ẹ̀ fúnra yín.

Gángan, dùndún, ìyáàlù, kànnàngó, mi ò mọ èwo ni èwo mọ́ o.

Dùndún ni orúkọ gbogbo ẹbí náà. Ìyáàlù ni àgbà wọn, òun ló tóbi, òun ni wọ́n so ṣaworo mọ́ létí méjèèjì, òun ló ń sọ̀rọ̀ táwọn tó kù ń gbè é. Lẹ́yìn ẹ̀ la ní kẹríkẹrì, gángan, ìsáájú àti kànnàngó tó kéré jù. Gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí ni wọ́n ń fún ọṣán wọn, ìyẹn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ojú méjèèjì pọ̀, kí ohùn lè lọ sókè sódò. Gúdúgúdú nìkan ló yàtọ̀ nínú wọn, ojú kan ṣoṣo ló ní, ọrùn ni wọ́n ń gbé e kọ́, awọ líle méjì tí wọ́n ká ni wọ́n fi ń lù ú, ohùn ẹ̀ ò sì yí, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa dá àwọn tó kù dúró sójú ìlà.

Bàtá kì í ṣe ara wọn o. Ìlù Ṣàngó àti egúngún nìyẹn, ó ní ìyáàlù tiẹ̀, omele tiẹ̀, àti ọgbọ́n tiẹ̀ tó tún le ju èyí lọ, torí kò sí ọṣán tẹ́ ẹ máa fún, ojú méjèèjì lẹ máa lù kí ohùn tó jáde. Ẹ kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ ná.

Èwo wá ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Gángan. Kò wúwo, ó ṣeé há sábẹ́ apá, òun náà lẹ máa rí lò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní bándì, níbi ìnáwó. Àwọn kan máa ń fẹ́ ra ìyáàlù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ torí ṣaworo ń dùn létí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú agbo onílù, wọn kì í gbé ìyáàlù fẹ́ni tí ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbè, torí ẹni tó bá gbé ìyáàlù ló ń darí gbogbo àwọn tó kù, òun náà ló ń wo ojú olówó, ojú oníjó àti ojú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Tí tíṣà yín bá ní kẹ́ ẹ lọ fi gúdúgúdú bẹ̀rẹ̀ ná, ẹ má bínú, ẹ má rò pé ó fojú kéré yín, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ tiwọn náà nìyẹn. Ẹni tó bá ti lu gúdúgúdú fún ìgbà díẹ̀, bí ìlù ṣe ń lọ déédéé ti wọ̀ ọ́ lára, kò ní máa sáré níwájú orin.

Kì í ṣe ìdílé Àyàn ni wọ́n bí mi sí. Ṣé wọ́n máa kọ́ mi?

Wọ́n á kọ́ yín. Lóòótọ́, iṣẹ́ ìdílé ni ìlù, ìdí tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ Àyánkúnlé, Àyándòkun, Àyánwálé kiri nìyẹn, àwọn tó sọ pé Àyàn Àgalú ni baba ìlù, tí wọ́n sì ń júbà ẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan awọ. Ìlú kan wà bí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun nítòsí Òṣogbo tó jẹ́ pé ìlù ló gbé orúkọ wọn dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni Lámídì Àyánkúnlé àti Rábíù Àyándòkun ti wá, ọ̀pọ̀ òyìnbó tó ti dàgbà ló sì ti lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn àgbà ibẹ̀. Tí wọ́n bá kọ́ ẹni tí ò gbọ́ ẹyọ Yorùbá kan, kí ló dé tí wọn ò ní kọ́ yín?

Ohun tẹ́ ẹ máa mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ìlù ni wọ́n ń fi kọ́ àlejò. Ìgbìn ti Ọbàtálá ni, ìpèsè ti Ifá ni, àgẹ̀rẹ̀ ti Ògún àtàwọn ọdẹ ni, gbẹ̀du sì jẹ́ tọba. Àwọn yẹn ní ìlànà tiwọn, ẹ má lọ máa béèrè bí ẹní béèrè iye iṣu lọ́jà. Dùndún àti gángan ti di ti gbogbo ayé tipẹ́tipẹ́.

Kristẹni ni mí. Ọ̀rẹ́ mi kan, Mùsùlùmí ni, òun náà ń bẹ̀rù. Ṣé ìlù yìí ò ní ẹ̀sìn nínú?

Ẹ gbọ́ orúkọ tí mo dá lókè yẹn: Lámídì, Rábíù. Mùsùlùmí pọ̀ láàárín àwọn onídùndún gan-an ni, wọ́n ń kírun, wọ́n ń gba ààwẹ̀, wọ́n sì ń lu ìlù, ìlù tiwọn náà ló sì ń jí wọn fún sààrì láwọn àdúgbò kan. Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà kan wà táwọn àgbà ìjọ ò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Dúró Ládiípọ̀ fi ìlù ìbílẹ̀ sínú orin Àjíǹde tó kọ fún ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n bá a wí sí i, ó wá gbé orin ẹ̀ jáde kúrò níbẹ̀, ó sì di eléré ìtàgé tí gbogbo ayé mọ̀. Lónìí ńkọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì wo ni wọn ò ti lu gángan lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ìkórè?

Ohun tẹ́ ẹ bá fi ìlù sọ ló máa jẹ́ tiyín. Ẹ lè fi kí Ọlọ́run, ẹ lè fi ki baba yín. Tí tíṣà yín bá fẹ́ júbà Àyàn kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dákẹ́ kó ṣe é tán, ilé tiẹ̀ lẹ wà, ẹ bọ̀wọ̀ fún un.

Obìnrin ni mí, ṣé wọn ò ní máa wò mí bí ẹni tó ya pòkíì?

Àwọn kan á wò yín. Iṣẹ́ ọkùnrin ni wọ́n kà á sí látijọ́, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n Àrá, Aralola Olamuyiwa, ti gbé gángan kọ́ èjìká níwájú àwọn ọba àti olórí ìjọba, ó ti gbé e dé ìlú òyìnbó, àwọn ọmọbìnrin tó ń lù ú ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní yunifásítì báyìí sì ti pọ̀ díẹ̀. Ẹ sáà wá tíṣà tó máa kọ́ yín tọkàntọkàn, tí kò ní máa rẹ́rìn-ín yín. Tó bá ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ ju bó ṣe ń kọ́ yín lọ, ẹ kúrò níbẹ̀.

Báwo gan-an ni ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀?

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ fara balẹ̀.

Ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní: ìsàlẹ̀, àárín, òkè, èyí tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé ní dò, re, mí. Ìlù ò lè pe kọ́ńsónáǹtì, kò lè pe fáwẹ́ẹ̀lì, ohùn nìkan ló lè mú. Tẹ́ ẹ bá fi ọṣán sílẹ̀ gbẹrẹfu tẹ́ ẹ lù ú, ìsàlẹ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ fún un díẹ̀, àárín. Tẹ́ ẹ fún un dáadáa, òkè. Ohùn kan, ìlù kan. Ìbàdàn: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀. Òṣogbo: ìsàlẹ̀, àárín, àárín. Abẹ́òkúta: àárín, òkè, ìsàlẹ̀, òkè, àárín, òun ni mo fẹ́ràn jù láti fi dán ọwọ́ wò torí gbogbo ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níbẹ̀ tí wọ́n sì ń fò. Tẹ́ ẹ bá lè lu Abẹ́òkúta kó dún geere láìdúró, ẹ ti gbéra nìyẹn.

Àwọn ohùn kan kì í dúró sójú kan. Tẹ́ ẹ bá pe Ọ̀yọ́ dáadáa, ẹ máa gbọ́ pé ohùn kejì yẹn ń gòkè láti ìsàlẹ̀ ni, kò kàn fò síbẹ̀. Onílù tó mọṣẹ́ á lu ìlù náà kó tó fa ọṣán, ohùn á wá yọ́ gòkè. Ibi yìí la ti ń mọ ọmọ onílù yàtọ̀ sí ẹni tó ń gbá awọ.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Èkó àti Ọ̀yọ́, ohùn kan náà ni. Òṣogbo àti Ìlọrin, ohùn kan náà. Ẹ wá wo oríkì wa: Àjàní, Àlàó, Àkànbí, Àyìnlá, Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́, Àdùkẹ́, gbogbo wọn pátá ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè! Tí onílù bá lu ìyẹn nìkan, gbogbo èèyàn tó wà ní hóòlù ló lè dìde. Ìdí nìyẹn tónílù kì í fi í pe orúkọ lásán, á fi oríkì orílẹ̀ kún un, á ní Ìyèrú Ọ̀kín kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọmọ Ọ̀fà lòun ń pè, tàbí kó fi orúkọ baba kún un, tàbí iṣẹ́ tí onítọ̀hún ń ṣe, títí tẹ́nì kan ṣoṣo á fi mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Gbólóhùn tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ ló ń lò, torí ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí nìkan ló lè tú u.

Àwọn àgbà Ìbàdàn máa ń rántí ìlù tí rédíò Nàìjíríà fi ń ṣe àmì láyé ọjọ́un, látìgbà tí wọ́n ti dá NBS (Nigerian Broadcasting Service) sílẹ̀ lọ́dún 1951. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà lédè òyìnbó ni wọ́n ní ìlù yẹn ń pè, ṣùgbọ́n kí làwọn ará ìlú gbọ́? "Bólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" Ìlù kan náà, etí ló yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ káwọn èèyàn gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ, ohun tó ti wà létí wọn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Kí wá ni mo máa kọ́kọ́ ṣe? Mo ti ra ìlù, ó wà nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ ná, ẹ wá ìṣó fi kọ́.

Ẹnu lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó lu ohunkóhun, ẹ sọ ọ́ jáde, lẹ́yìn náà ẹ kùn ún láìla ẹnu, m̀, m, ḿ, kó jẹ́ pé ohùn nìkan ló kù. Tó bá ti dá yín lójú lẹ́nu, ọwọ́ á bá a. Èmi ò tíì rí ẹni tí ò lè kùn ún lẹ́nu tó wá lè lù ú. Àwọn àgbàlagbà ló máa ń fo ibí yìí jù, ojú ń tì wọ́n láti máa kùn bí ọmọdé, wọ́n á kàn dì mọ́ kọ̀ǹgọ́ tí wọ́n fi ń lù ú, wọ́n á wá máa lérò pé ọwọ́ àwọn ló le, bẹ́ẹ̀ etí ni ò tíì gbọ́.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni dídúró. Ìlù á wà ní apá òsì, okùn ẹ̀ á wà ní èjìká òsì, ẹ máa há a mọ́ abẹ́ apá, ìgbọ̀nwọ́ yín ló máa ń tẹ ọṣán mọ́ra, ọwọ́ ọ̀tún á mú kọ̀ǹgọ́. Ẹ má di kọ̀ǹgọ́ mú bí ẹni tó fẹ́ pejò. Ọrùn ọwọ́ ni kó ṣiṣẹ́, kì í ṣe èjìká. Orí kọ̀ǹgọ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ yẹn ló gbọ́dọ̀ kan àárín awọ, tó bá ń kan ẹ̀gbẹ́ igi ẹ máa gbọ́ ọ kíá.

Ẹ lu ìsàlẹ̀ nìkan. Ẹ lu òkè nìkan. Àárín ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ìsàlẹ̀ ní ibi tó parí sí, òkè ní ibi tó parí sí, àárín ò ní, apá yín ló máa mọ ibi tó máa dúró. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àárín yín á máa rìn kiri. Kò burú. Ẹ pe orúkọ ara yín, orúkọ àwọn ọmọ yín, Adéwálé, Adébáyọ̀, Ayọ̀délé, ẹ lù ú. Ẹ lu orúkọ ìlú. Ẹ lu "ẹ kú iṣẹ́ o". Lẹ́yìn ẹ̀ ẹ wá bọ́ sórí òwe kúkúrú bí "ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín ń gungi", ìyẹn dáa púpọ̀ fún ìsàlẹ̀ tó léra wọn níbẹ̀rẹ̀ tó sì tún ń gòkè. Ẹ fi orin òyìnbó àti orin tó ń lọ lọ́wọ́ sílẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi dúró.

Wákàtí mélòó lójúmọ́? Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n rójú.

Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ dáa ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé lọ. Apá tó ń tẹ ọṣán gbọ́dọ̀ máa rántí ibi tí àárín wà, tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, á ti gbàgbé. Ìgbà tẹ́ ò bá sì sí nídìí ìlù, ẹ lè máa kùn ún. Nínú gòsílóò Èkó, nínú dáńfó, níbi tẹ́ ẹ ti ń tò ní báńkì, ẹ ń wo pátákó tí wọ́n kọ nǹkan sí lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ ń tú ohùn ẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́nu. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, kì í ṣe eré.

Kẹ́ ẹ sì máa gbọ́ onílù. Ẹ wá àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù àpàlà, torí gángan ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ketekete, orin ò bò ó mọ́lẹ̀. Hárúnà Ìṣọ̀lá ti Ìjẹ̀bú-Igbó, Àyìnlá Ọmọwúrà ti Abẹ́òkúta tónílù àgbà ẹ̀ ń jẹ́ Adéwọlé Oníluọlá, ẹ gbọ́ bí olórin bá sọ gbólóhùn kan tí ìlù á gbà á lẹ́nu ẹ̀ tún un sọ. Ẹ dá a dúró níbẹ̀, ẹ kùn ún, ẹ tún un gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ bọ́ sí jùjú Sunny Adé àti Obey, ibẹ̀ ni gángan ti pọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, etí yín á ti là díẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Ilé onírúúmù-ń-kọjú-sí-rúúmù là ń gbé, aládùúgbò ò ní pa mí?

Ẹ fi aṣọ tín-ínrín bo ojú awọ, ohùn á rọlẹ̀, ẹ ṣì máa gbọ́ ọ. Ẹ má lù ú lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́. Kẹ́ ẹ sì lọ kí wọn ṣáájú, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀kọ́ lẹ ń kọ́, àwọn ọmọ wọn ló máa kọ́kọ́ wá jókòó síwájú yín. Ẹ tún lè lu itan yín, ẹ lè lu ìrọ̀rí, ọwọ́ ọ̀tún á ṣiṣẹ́ bí apá òsì ò bá tiẹ̀ ṣe nǹkan kan.

Èjìká ń ro mí, ọrùn ọwọ́ ń dùn mí.

Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa tá ò kéré mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà okùn ìlù ló gùn jù, ìlù wá ń fà yín wálẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ máa fi gbogbo agbára tẹ ọṣán nígbà tí kò pọn dandan. Ẹ gé okùn kúrú, ẹ sinmi lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ na apá. Tó bá jẹ́ ìrora tó ń ta tó sì ń jẹ́ kí ìka kú tipiri, ẹ dúró, ẹ lọ rí dókítà, kì í ṣe ohun téèyàn ń fi àgídí lé lọ.

Ọwọ́ òsì ni mò ń lò.

Ẹ yí i padà, ìlù sí apá ọ̀tún, kọ̀ǹgọ́ sí ọwọ́ òsì. Gángan ò ní ẹ̀yìn, ojú méjèèjì dọ́gba. Ẹ kàn rí i pé kọ̀ǹgọ́ tó tẹ̀ síbi tó bá ọwọ́ yín mu lẹ rà.

Ṣé mo lè kọ́ ọ lórí YouTube?

Ẹ lè rí bí wọ́n ṣe ń mú un dání, ẹ lè gbọ́ wórò, ẹ lè fi fóònù dín ìyára fídíò kù kẹ́ ẹ rí ibi tí apá ń tẹ̀. Mi ò kórìíra ẹ̀. Ṣùgbọ́n fídíò ò lè sọ fún yín pé àárín yín ti ga jù. Ẹ wá èèyàn. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń lù ú, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìnáwó, níbi ayẹyẹ ààfin, ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá simi, ẹ kí wọn. Àwọn yunifásítì tó ní ẹ̀ka orin, bíi ti Ifẹ̀, máa ń ní onílù àgbà tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ béèrè níbẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ ìwà wà níbẹ̀ o. Ẹ lè jẹ́ máníjà, ẹ lè jẹ́ ọ̀gá àgbà níbi iṣẹ́, níwájú onílù akẹ́kọ̀ọ́ ni yín. Tó bá dàgbà, "Bàbá" lẹ máa pè é, kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ kúnlẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ́ tó lè jẹ́ ọmọ yín, tó sì ń jẹ́ Àyàn-nǹkan, ẹ pè é ní "ọ̀gá mi", kò ní dín yín kù. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ owó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, iye rẹ̀ lóṣù àti ìgbà tí ẹ máa san án, ẹ má wá gbà pé torí ó ń lu ìlù níbi ìnáwó owó ẹ̀ ti wà lọ́rùn àwọn olówó. Iṣẹ́ tó fi jẹun ló ń fún yín. Tí ọdún bá dé, ẹ rántí ẹ̀. Tó bá sì gbé yín lọ òde, owó tí wọ́n ná lọ́jọ́ yẹn, òun ló máa pín in, ẹ má béèrè tiyín.

Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba ohùn ẹ̀ sórí fóònù, àwọn nǹkan kan wà tí wọn ò fẹ́ kó jáde.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ìlù tó dáa tí mo bá fẹ́ rà?

Ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání. Tí kò bá sí, ẹ wo igi ẹ̀, igi apá dáa, ó le, kò gbọdọ̀ ní sísán tí wọ́n fi nǹkan dí. Awọ ewúrẹ́ ni, kó fẹ́lẹ́, kó dọ́gba, kó má ní ojú egbò. Ọṣán gbọ́dọ̀ jẹ́ awọ, àwọn tí wọ́n fi okùn ọ̀rá ṣe tí wọ́n ń tà fún àlejò wà fún ọ̀ṣọ́ ilé. Ẹ lù ú: ìsàlẹ̀ àti òkè gbọ́dọ̀ jìnnà síra wọn dáadáa, tí wọ́n bá sún mọ́ra jù, kò ní sáyè fún àárín. Mi ò ní dárúkọ owó torí ọjà ń yí lójoojúmọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ tó ju ẹnì kan lọ.

Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú ẹ̀?

Òjò ò gbọdọ̀ pa á. Nígbà òjò awọ máa ń rọ̀, ohùn á sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn gbígbẹ wà fúngbà díẹ̀. Nígbà ọyẹ́, awọ á gbẹ, á le, ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń bẹ́, ẹ má gbé e sínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn kẹ́ ẹ wá máa wá a nígbà tó bá ti ya. Ẹ gbé e kọ́, kí eku má rí i jẹ, eku fẹ́ràn awọ. Tí awọ bá bẹ́, ìlù ò tíì kú, ẹ gbé e padà fónílù, wọ́n á bá yín bò ó tuntun, igi ni ìlù gan-an.

London ni mo wà (àbí Houston), àwọn ọmọ mi ò gbọ́ Yorùbá dáadáa, èmi náà ti ń gbàgbé.

Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ kó kọ́ ọ. Ẹni tó ti ń gbàgbé, ohùn ló kọ́kọ́ ń sọnù lẹ́nu ẹ̀, ìlù ò sì ní gbà fún un, tó bá pe ohùn tí kò tọ́, ìlù á sọ nǹkan mìíràn. Ẹ kọ́ ọ pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí oríkì tẹ́ ẹ ń kọ́ wọn jẹ́ èyí tẹ́ ẹ jọ ń lù. Onílù wà níbi ìnáwó Yorùbá lọ́pọ̀ ìlú níbẹ̀, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú awọ o. Àwọn aṣọ́bodè ò fẹ́ awọ ẹran tí wọn ò tọ́jú dáadáa, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfúrufú, ẹ béèrè òfin wọn kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé. Ẹ má sì máa fá awọ tútù fúnra yín nílé. Lọ́dún 2008, ọkùnrin kan tó ń ṣe ìlù ní London kó àrùn anthrax lára awọ ẹran, ó sì kú. Ìlù tí wọ́n ti ṣe tán tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ni kẹ́ ẹ wá.

Tẹ́ ẹ bá rí àwọn ará Kúbà tó ń lu bàtá wọn, ìyá, itótele àti okónkolo, ẹ lọ kí wọn. Añá tí wọ́n ń bọ nínú ìlù yẹn, Àyàn wa náà ni. Ṣùgbọ́n ìlù tí wọ́n bá ti yà sọ́tọ̀ fún un, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹni tí wọ́n bá ti bura fún nìkan ló ń lù ú.

Ìgbà wo ni mo lè wá lù ú níta?

Tíṣà yín ló máa sọ. Ẹ máa kọ́kọ́ gbè ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi ìnáwó ẹbí, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ di omele mú, ẹ má sọ̀rọ̀ kankan. Lẹ́yìn ìyẹn á jẹ́ kẹ́ ẹ kí ẹnì kan, ẹni tẹ́ ẹ mọ oríkì ẹ̀ dáadáa, kò sì ní jù gbólóhùn méjì lọ. Ẹ wo ojú ẹni náà bẹ́ ẹ bá ṣe ń lù ú. Tó bá kàn ń jó, ìró ìlù ló gbọ́. Tó bá dúró, tó gbójú sókè, tó ń wá ibi tí wọ́n ti pe baba ẹ̀, ẹ tún un lù.